Mùsíọ́mù Yẹmisí Shyllon ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kì: ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ mú àwọn ọmọ iṣẹ́ yín lọ síbẹ̀

Kápẹ́ńtà ni mí, àga àti ilẹ̀kùn ni mò ń ṣe jẹun. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ irú ojú tí mo fi wo Mùsíọ́mù Yẹmisí Shyllon, ilé tí wọ́n kó iṣẹ́ ọnà sí fún wíwò, tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Pan-Atlantic, lójú ọ̀nà Ẹ̀pẹ́. Gbogbo ènìyàn ni wọ́n ṣí i fún. Kò dìgbà tí ẹ bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tàbí tí ẹ bá mọ ẹnì kan níbẹ̀ kí ẹ tó wọlé. Mo ń tẹnu mọ́ ọn nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ ti gbà lọ́kàn pé àwọn ọ̀mọ̀wé àti olówó ló ni irú ibẹ̀.

Ọmọọba Yẹmisí Shyllon, ọmọ Ẹ̀gbá, ló kó nǹkan bí 1,000 iṣẹ́ ọnà nínú èyí tó ti rà jọ fún yunifásítì náà, wọ́n sì ṣí ilé náà ní oṣù Kẹwàá ọdún 2019. Ẹ má fojú kékeré wo nǹkan tó ṣe yìí. Àwòrán ọmọọba obìnrin Ifẹ̀ tí Ben Enwonwu, gbajúmọ̀ ayàwòrán ilẹ̀ wa, yà, èyí tó pè ní Tutu, wọ́n tà á ní Lọ́ńdọ̀n ní 2018, owó rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn. Ẹni tó rà á ló ni ín, bó bá wù ú kó gbé e kọ́ sí yàrá rẹ̀ títí ayé, kò sẹ́ni tó máa bi í. Àmọ́ iṣẹ́ Enwonwu tó wà ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kì, èmi àti ọmọ iṣẹ́ mi dúró níwájú rẹ̀ bó ṣe wù wá, ẹnikẹ́ni ò lé wa. Iṣẹ́ Aina Onabolu, ọmọ Ìjẹ̀bú tó jà fitafita kí wọ́n tó máa kọ́ àwọn ọmọ wa ní àwòrán yíyà nílé ìwé, wà níbẹ̀ bákan náà, àti ti El Anatsui, ọmọ Gánà tó ń fi ìdérí ìgò ṣe iṣẹ́ ọnà.

Ibi iṣẹ́ Bruce Onobrakpeya, ọ̀gá nínú títẹ àwòrán sórí bébà, ni mo ti pẹ́ jù. Ẹ má dúró lọ́ọ̀ọ́kán wò ó o. Ẹ sún mọ́ ọn, ẹ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ìmọ́lẹ̀ lè gbá a, ẹ ó rí i pé ojú bébà náà yọ sókè níbì kan, ó jìn wọlé níbòmíràn, àfi bíi pátákó tí wọ́n fín. Bó ṣe bá ọ̀nà iṣẹ́ yìí pàdé wọ̀ mí lọ́kàn gan-an. Ní 1967, ásíìdì ba páànù síńkì tó ń fín láti fi tẹ àwòrán jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Kò jù ú nù. Ó mú Araldite, gọ́ọ̀mù tó máa ń le gan-an, ó fi dí ibi tí ásíìdì jẹ, ibẹ̀ ló sì ti rí irú àrà tí wọ́n fi ń dá iṣẹ́ rẹ̀ mọ̀ dòní. Araldite tí gbogbo kápẹ́ńtà ní ní ṣọ́ọ̀bù! Mo sọ ìtàn náà fún ọmọ iṣẹ́ mi níbẹ̀, nítorí bí igi bá bàjẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́, kíá ló máa ń jù ú sínú iná.

Lẹ́yìn náà la dé ìdí ère onígi kan, ìyá tó pọn ọmọ. Ọmọ iṣẹ́ mi ní, "Ọ̀gá, ibo ni wọ́n ti so ó pọ̀?" A yí i po, a wá oríkèé títí, kò sí. Igi kan ṣoṣo ni látòkè délẹ̀, ìyá, ọmọ, àti ọ̀já tó fi gbá a mọ́ra. Igi náà ní kókó. Àwa máa ń gé kókó sọnù ni, torí pé ó máa ń ṣe ráńdà tí a fi ń fá igi léṣe. Ẹni tó gbẹ́ ère yìí fi kókó náà sí ìgbọ̀nwọ́ ìyá gẹ́lẹ́, ìlà ara igi wá ń yí lọ yí bọ̀ níbẹ̀ bí awọ ara àgbàlagbà. Ojú ọ̀bẹ ṣì hàn lẹ́yìn ọrùn, wọn ò fi sáńpépà nù ún kúrò.

Ọwọ́ ń yún mi, àmọ́ wọn ò gbà kéèyàn fọwọ́ kan nǹkan, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, torí òógùn ọwọ́ máa ń ba igi àti idẹ jẹ́. Ọ̀dọ́mọbìnrin tó mú wa yíká béèrè lọ́wọ́ mi pé, "Bàbá, igi wo lẹ rò pé ó jẹ́?" Mo ní ó jọ ọmọ̀ lójú mi. Ó tún béèrè ohun tí mo fi mọ̀, mo ṣàlàyé, ó sì tẹ́tí gbọ́ mi dópin. Inú mi dùn sí i ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Ibẹ̀ jìn, n ò ní parọ́ fún yín. Láti Ajah, ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́ lẹ máa wọ̀. Tí ẹ bá ti kọjá Sángótẹ̀dó àti Awóyáyá, tí ẹ tún kọjá Eléko, ẹ sọ fún kọ̀ndọ́kítọ̀ pé ẹnu ọ̀nà Pan-Atlantic lẹ ti máa bọ́ọ́lẹ̀. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ajah kì í dá ẹnikẹ́ni sí, nítorí náà ẹ tètè kúrò nílé. Wọ́n máa ń pààrọ̀ ohun tí wọ́n gbé kalẹ̀. Ní 2021, iṣẹ́ àwọn obìnrin ni wọ́n fi ṣe odindi àfihàn kan. Ẹ wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó lọ, kí ẹ mọ ohun tó wà nílẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n ń ṣí. Ẹ mú pẹ́ńsù àti ìwé kékeré dání fún àwọn ọmọ, kí ẹ sì fún wọn láyè kí wọ́n ya ohun tó bá wù wọ́n.