Ẹ ṣọ́ra fún ọkùnrin tó ń ta fọ́tò ọkọ̀ akẹ́rù ológun, ó ti lù mí ní jìbìtì

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń ra fọ́tò ọkọ̀ ogun àtijọ́, ẹ dákun, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀. Ọkùnrin kan ta fọ́tò mẹ́fà fún mi. Ó ní ojúlówó ni, pé sójà Jámánì kan ló yà wọ́n ní Rọ́ṣíà lọ́dún 1941: Opel Blitz, ọkọ̀ akẹ́rù Jámánì tó ń gbé tọ́ọ̀nù 3, tí wọ́n yọ bọ́dì ẹ̀yìn rẹ̀, tí wọ́n fi pákó kan yàrá mẹkáníìkì sí i. Irú ọkọ̀ tí wọ́n tún bọ́dì rẹ̀ ṣe lójú ogun báyìí ni mo ti ń wá láti ọdún mẹ́rin. Owó tí mo tù jọ fún oṣù mẹ́ta ni mo kó fún un. Oṣù mẹ́ta gbáko!

Nígbà tí àwọn fọ́tò náà dé, n kò sùn. Mo ń wo nọ́ńbà WH, ti ọkọ̀ àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ Jámánì, lára bọ́ńpà, mo ń wo fèrèsé kékeré tí wọ́n gé sára pákó. Ilẹ̀ mọ́ ni mo tó rí i pé òjìji orí ọkọ̀ bọ́ sápá òsì, ti bọ́dì ẹ̀yìn bọ́ sápá ọ̀tún. Oòrùn kan kì í dá òjìji méjì! Mo tan iná ultraviolet, irú èyí tí wọ́n fi ń dá ayédèrú owó mọ̀, sí ẹ̀yìn ìwé náà, ó tàn yòò bí aṣọ funfun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ìwé fọ́tò ìgbà ogun kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Láàárín àwọn ọdún 1950 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í po èròjà tó ń tàn bẹ́ẹ̀ mọ́ ìwé fọ́tò. Nígbà tó yá, mo rí ojúlówó rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì: igi kan náà, sójà kan náà tó di ife mú, àmọ́ tapólíìnì lásán ló wà lẹ́yìn ọkọ̀. Bọ́dì ọkọ̀ mìíràn ni olè yìí gé lẹ̀ mọ́ ọn.

Èmi náà jẹ̀bi. Ọ̀kan nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní orí ọkọ̀ onípákó tí wọ́n ń pè ní Einheitskabine. Ọdún 1944 ni Mercedes gbé irú orí bẹ́ẹ̀ sórí Blitz tí àwọn náà ń ṣe, kò lè sí nínú fọ́tò 1941. Mo mọ̀ ọ́n! Mo ti ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹlòmíràn rí. Mo rí i kí n tó sanwó, mo gbójú fò ó, nítorí mo fẹ́ kó jẹ́ òótọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ má sọ pé n kò bèèrè. Mo ní kó fi ẹ̀yìn fọ́tò hàn mí, ó fi hàn mí: déètì tí wọ́n fi pẹ́ńsùlù kọ, àmì gọ́ọ̀mù níbi tí wọ́n ti já a kúrò nínú álúbọ́ọ̀mù. Ta ni kò ní gbà á gbọ́? Nígbà tí mo ní kó dá owó mi padà, ó ní wọ́n tà á fún òun náà ni. Látìgbà náà, ìpè mi kò wọlé sórí fóònù rẹ̀ mọ́. Ọ̀dájú ẹ̀dá! Ó mọ ohun tó ń ṣe.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ní kí òǹtajà tan iná ultraviolet sí ẹ̀yìn fọ́tò nínú fídíò. Ẹ wo òjìji. Ẹ fi àwòrán náà wá ẹ̀dà rẹ̀ lórí Google. Ẹ wò ó bóyá orí ọkọ̀ bá ọdún tó pè é mu.

Ní tèmi, n kò fọkàn tán òǹtajà kankan mọ́, títí kan àwọn tí mo ti ń bá rajà tipẹ́. Ọ̀kan nínú wọn fi fọ́tò Bedford, ọkọ̀ akẹ́rù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ránṣẹ́ sí mi lánàá. N kò tíì dá a lóhùn.