Rédíò Bíbélì tí mo rà fún Màámi l'Ádó, àti ìdí tí n ò fi ní dárúkọ ṣọ́ọ̀bù ọ̀hún

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ pé màá kọ nǹkan nípa rédíò yìí, torí nígbà témi gan-an ń wá èyí tí màá rà, gbogbo ẹni tí mo bi kàn ń sọ pé "ó dáa, ó dáa" ni, kò sẹ́ni tó sọ bó ṣe dáa fún mi. Ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Rédíò kékeré ni, kò ju àtẹ́lẹwọ́ àgbà lọ, wọ́n ti ka Bíbélì Yorùbá sínú ẹ̀ láti Jẹ́nẹ́sísì títí dé Ìfihàn, ó ní sólà pẹlẹbẹ lẹ́yìn, ó ní tọ́ọ̀ṣì lórí, ó ní ihò tí wọ́n ń ki mẹ́mórì bọ̀, ó sì ń gba FM. ₦23,000 ni wọ́n pè é fún mi lẹ́bàá Ọjà Bísí l'Ádó-Èkìtì, mo ná an títí ó fi já sí ₦18,500. Ẹ ṣọ́ra o, àwọn kan wà tó jẹ́ Májẹ̀mú Tuntun nìkan ló wà nínú ẹ̀, páálí ẹ̀ sì jọra, ẹ jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ fún yín kẹ́ ẹ gbọ́ Jẹ́nẹ́sísì létí ara yín kẹ́ ẹ tó kówó sílẹ̀.

Màámi ni mo rà á fún. Ó ti lé lẹ́ni àádọ́rin ọdún, Ìlawẹ̀ ló ń gbé, ojú ò sì ríran bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Bíbélì ńlá ẹ̀ tó fi rọ́bà dè mọ́ra kó má bàa tú, ó kàn máa ń gbé e lé ẹsẹ̀ ni, kò lè kà á mọ́. Àmọ́ tojú nìkan kọ́ o. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n yọ ọ́ nípò akápò ẹgbẹ́ obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Owó kan ló wọlé fún òrùlé, wọ́n ná lára ẹ̀ sí nǹkan míì, wọ́n wá ní kó fọwọ́ sí ìwé pé òrùlé ni wọ́n fi gbogbo ẹ̀ ṣe. Ó lóun ò fọwọ́ sí i. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n rán àgbà sí i, wọ́n tún fi ọ̀rọ̀ ọmọ bẹ̀ ẹ́, ó ṣáà lóun ò fọwọ́ sí i. Kò sẹ́ni tó lé e o, ẹ má ṣì mí gbọ́, wọ́n kàn ń ṣe bí ẹni pé kò sí níbẹ̀ ni. Wọ́n dá aṣọ ẹgbẹ́ fún ìkórè, kò sẹ́ni tó sọ fún un. Tó bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, bẹ́ǹṣì á ṣàdédé fẹ̀. Àbúrò ẹ̀ tí wọ́n jọ mu ọmú kan náà wà lára àwọn tó ń dìde lórí bẹ́ǹṣì o.

Mo ní kó wá ṣọ́ọ̀ṣì míì lọ, àìmọye ṣọ́ọ̀ṣì ló wà n'Ílawẹ̀. Ó ní ṣé torí tiwọn lòun ṣe ń lọ tẹ́lẹ̀ ni. Ó wá nawọ́ sápá ibi tí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè wà, ó ní Babalọlá, wòlíì ìjọ CAC tí wọ́n sin síbẹ̀ yẹn ńkọ́, ṣebí ẹni tó ń wa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ títì ni lọ́dún 1928 tí ìpè fi dé, nígbà tó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, kí ni wọ́n sọ, wọ́n ò ha ní orí ẹ̀ ti dàrú ni? Mo dákẹ́. Ẹni tó bá bá Màámi jiyàn ṣọ́ọ̀ṣì, tọwọ́ ẹ̀ ni.

Ó yá, rédíò. Èyí tí mo kọ́kọ́ rà, sólà ẹ̀ ò ṣiṣẹ́. Mo gbé e sórí ògiri lẹ́yìnkùlé nínú oòrùn láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́, kò wọ nǹkan kan, àfi tá a bá fi ṣájà sí i, iná ọ̀hún kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ wá. Mo gbé e padà lọ s'Ádó tòun ti risíìtì. Ọ̀gbẹ́ni ṣọ́ọ̀bù ní ọjà táwọn bá ti tú nínú páálí àwọn kì í gbà á padà. Mo ní ṣé mo máa mọ̀ pé kò ṣiṣẹ́ tí n ò bá tú u ni? Ó wá sọ̀rọ̀ sókè lójú àwọn kọ́sítọ́mà pé "Àǹtí, àwọn màmá yìí wọn ò mọ̀ ọ́n lò, ta ló mọ̀ bóyá wọ́n ti jù ú sómi." Màmá tèmi! Ara mi gbóná. Mo ya fọ́tò pátákó ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, mo wọ mọ́tò, kí n tó dé Ìlawẹ̀ mo ti kọ ọ́ dé ìdajì, ọ̀rọ̀ tí mo kọ yẹn, kò sẹ́ni tó máa kà á tó máa dé ṣọ́ọ̀bù yẹn mọ́ láéláé.

Mo kà á sókè fún Màámi kó lè bá mi fi ata sí i. Ó gbọ́ ọ tán, ó bi mí pé èmi àti ọ̀gbẹ́ni yẹn nìkan, ṣé a ti jọ sọ̀rọ̀? Mo ní a sọ ọ́, gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló gbọ́. Ó ní ìyẹn kọ́ lòun bi mí. Ó ní Mátíù orí 18, tí arákùnrin rẹ bá ṣẹ̀ ọ́, kó o kọ́kọ́ lọ bá a, ìwọ àtòun nìkan, tí kò bá gbọ́, kó o mú ẹnì kan tàbí méjì dání, ẹ̀yìn ìyẹn ló tó kan ìjọ. "Ìwọ ti fò ó dé orí ìjọ, kódà o ti kọjá ìjọ, gbogbo ayé lo fẹ́ sọ fún." Mo ní Màámi, ọ̀rọ̀ àwọn ará nínú ìjọ nìyẹn, tọjà kọ́. Ó pòṣé. Ó ní ọ̀rọ̀ yẹn náà lòun ń tẹ̀ lé tóun fi ń lọ sí ulé àbúrò òun, ìgbà méjì lòun ti lọ, kò ṣílẹ̀kùn, òun ṣì máa lọ lẹ́ẹ̀kẹta. N ò gbọ́ ìyẹn rí. N ò mọ̀ pé ó ń lọ.

Mo tún padà lọ s'Ádó ní Mọ́ńdè, àárọ̀ kùtù, kí èrò tó dé. Kí n má parọ́, n ò tíì dárí jì í o, àṣẹ Màámi ni mo tẹ̀ lé. Ọ̀gbẹ́ni yẹn nìkan ló wà níbẹ̀, ó ń gbálẹ̀ iwájú ṣọ́ọ̀bù. Mo kí i, mo gbé rédíò lé e lọ́wọ́, n ò sọ nǹkan púpọ̀. Ó mú súkúrúdíráfà, ó tú ẹ̀yìn ẹ̀, ó ní kí n wò ó, wáyà pupa tó ti ara sólà wá ti já, bóyá látibi tí wọ́n ti ṣe é ni kò ti lẹ̀ dáadáa. Mo rò pé ó máa jó o mọ́ra ni, àfi bó ṣe wọlé tó mú òmíràn jáde nínú páálí, ó ní kí n jókòó, ó gbé e sínú oòrùn, àwa méjèèjì jọ ń wo iná kékeré pupa yẹn bó ṣe ń tàn. Ó ní "Àǹtí mi, ẹ má bínú, ọjọ́ yẹn ibi tí mo ti ń gbóná lẹ ti bá mi." Kò gba kọ́bọ̀ lé e. Mo pa fọ́tò pátákó yẹn rẹ́ níwájú ẹ̀, kò tiẹ̀ mọ ohun tí mò ń ṣe. Nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ mọ ṣọ́ọ̀bù ọ̀hún, kó yáa rìn yíká Ọjà Bísí.

Èyí tuntun yìí ni mò ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ báyìí. Tí oòrùn bá ràn án látàárọ̀, ó máa ń ka nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà, ìyẹn téèyàn ò bá gbé ohùn ẹ̀ sókè jù. Lásìkò òjò, ẹ gbàgbé sólà, ẹ wá ṣájà. Tẹ́ ẹ bá gbóhùn ẹ̀ sókè tán pátápátá, á máa dún bí eṣinṣin tó há sínú ìgò. FM ẹ̀ ò burú. Tọ́ọ̀ṣì ẹ̀ mọ́lẹ̀ ju bí mo ṣe rò lọ, òun ni Màámi fi ń lọ sílé ìgbẹ́ lóru. Àwọn bọ́tìnnì ẹ̀ ló kéré jù, gbogbo wọn sì rí bákan náà, èmi tójú mi ń ríran gan-an ń ṣi wọ́n tẹ̀. Mo gé pílásítà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ojú egbò, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ bọ́tìnnì tó ń mú un kàwé, àtàǹpàkò Màámi á kàn máa wá a kiri títí á fi kan ibi tó rí ṣákiṣàki yẹn. Ohun tó wú mi lórí jù lára ẹ̀ ni pé tẹ́ ẹ bá pa á, tẹ́ ẹ tún tàn án, ibi tó dúró sí náà ló ti máa bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé "ní àtètèkọ́ṣe" ni wọ́n máa ń padà sí lójoojúmọ́, ẹ dán ìyẹn wò ní ṣọ́ọ̀bù.

Ọkùnrin tó kà á ò sáré, kò sì pariwo bí àwọn oníwàásù kan. Bíbélì àtijọ́ ló kà, àwọn ọmọ ìsinsìnyí lè sọ pé Yorùbá ẹ̀ ti le jù, àmọ́ òun ni Màámi mọ̀. Tó bá ní "ilé", Màámi á dá a lóhùn pé "ulé". Ọdún 1884 ni ìtumọ̀ odindi Bíbélì yẹn parí, Àjàyí Crowther ló ṣáájú iṣẹ́ ọ̀hún, mo sì máa ń rò ó nígbà tí rédíò bá ń kà pé ẹni tó kọ èdè yìí sílẹ̀ fún wa, wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn lọ́dún 1821, ọmọdé ni, wọ́n tà á látọwọ́ dọ́wọ́, ọdún 1846 ló tó tún fojú kan ìyá ẹ̀ l'Ábẹ́òkúta. Ó di bíṣọ́ọ̀bù lọ́dún 1864. Nígbà tó wá dàgbà tán, àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nárì òyìnbó ló tún kẹ̀yìn sí i lẹ́nu iṣẹ́ tó fi gbogbo ayé ẹ̀ ṣe lẹ́bàá Odò Ọya, wọ́n fojú ẹ̀ gbolẹ̀, kò sì pẹ́ sígbà yẹn tó kú, lọ́dún 1891. Kò fi ìjọ sílẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan Màámi ń ṣa ẹ̀wà lórí atẹ, rédíò wà lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó ń ka Jẹ́nẹ́sísì orí 37. Ó débi tí wọ́n ti ju Jósẹ́fù sínú kòtò, kòtò tí kò lómi, wọ́n wá jókòó láti jẹun. Ọwọ́ Màámi dúró lórí ẹ̀wà. Ó ní kí n dá a padà. Mo dá a padà. "Wọ́n jókòó, wọ́n ń jẹun. Ọmọ ń bẹ̀ wọ́n nínú kòtò, wọ́n ń jẹun!" Ó mú òkúta kékeré kan nínú ẹ̀wà, ó sọ ọ́ síta, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa á. Mo mọ ibi tọ́kàn ẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ ìkórè, lẹ́yìn ìsìn, wọ́n gbé àwo ráísì yípo, wọ́n fò ó kọjá. Ìgbà kan ṣoṣo ló sọ ọ́ fún mi.

Wọ́n ta Jósẹ́fù ní ogún owó fàdákà, orí 37 parí, lorí 38 bá bọ́ sórí ọ̀rọ̀ Júdà àti Támárì. Màámi ní "Ta ló yí i? Ta ló ní kẹ́ ẹ yí i?" Mo ní kò sẹ́ni tó yí i, bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà nínú Bíbélì. Ó ní ẹni tó to Bíbélì náà ò ṣe dáadáa, ó tún yára ní Olúwa dárí jì mí o. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fo orí kan, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ tẹ bọ́tìnnì ọ̀tún, tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á gbé yín lọ sí Ẹ́kísódù.

Mo rò pé orí 41 tí wọ́n ti fi Jósẹ́fù jẹ olórí ló máa dùn mọ́ Màámi jù. Rárá o. Orí 42 sí 44 ló fẹ́ràn, èyí táwọn pásítọ̀ máa ń sáré fò kí wọ́n lè dé ibi ẹkún. Níbẹ̀ ni Jósẹ́fù ti mọ àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tí wọn ò mọ̀ ọ́n, ó pè wọ́n lámí, ó ti Síméónì mọ́lé, ó ní kí wọ́n lọ mú àbúrò wọn wá, ó tún ń sá wọlé lọ sunkún kí wọ́n má bàa rí i. Màámi ní ẹni tó dárí jini kò ya òmùgọ̀, ó ń wò ó bóyá wọ́n ti yí padà ni. Ó ní òun dárí ji ẹgbẹ́, òun ò sì ní fọwọ́ síwèé yẹn. Èmi ní lójú tèmi Jósẹ́fù fìyà jẹ wọ́n díẹ̀. A ò tíì parí iyàn yẹn. Mo ṣírò ọdún tó wà láàárín, ó jẹ́ ọmọ 17 nígbà tí wọ́n tà á, ó jẹ́ ẹni 30 nígbà tó dúró níwájú Fáráò. Ọdún 13. Màámi ní "Hẹ́n. Ọdún kan péré ni tèmi."

Tẹ́ ẹ bá ní kí n fún rédíò yìí ní máàkì, 7 nínú 10. Bọ́tìnnì gba ọ̀kan, ohùn bí eṣinṣin gba ọ̀kan, okùn ṣájà tó kúrú bí ìrù ewúrẹ́ gba ìyókù.

Lọ́jọ́ kẹta tí Màámi lọ, àbúrò ẹ̀ ṣílẹ̀kùn. Kò bẹ̀ ẹ́ o, wọn ò tiẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ òrùlé. Ó kàn tẹ̀ lé e délé ni, ó jókòó, ó ń wo rédíò, ó ní ṣé òun lè yá a dọ̀la, ojú tòun náà ò ríwèé mọ́. Ó ti di ọ̀sẹ̀ méjì báyìí. Mo bi Màámi pé ṣé kí n lọ bá wọn gbà á padà. Ó ní kí n fi í sílẹ̀, ó ṣì wà ní Jẹ́nẹ́sísì, kí n yáa lọ ra òmíràn. Sátidé ni mò ń lọ s'Ádó.