Mo ti ń pè é ní ìbínú: ogójì ọjọ́ pẹ̀lú áàpù How We Feel

Aránṣọ ni mí, ní Mọ́kọ́lá, nílùú Ìbàdàn. Ọdún mọ́kàndínlógún rèé tí mo ti ṣe fúrídọ̀ọ̀mù, ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta ló sì wà lọ́wọ́ mi báyìí. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí mọ bí ìparí ọdún ṣe máa ń rí: aṣọ ẹbí lápá kan, aṣọ Kérésì lápá kejì, iná á lọ, epo á tán nínú jẹnẹrétọ̀, oníbàárà á wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì pé òun ò kúrò níbẹ̀ láìgba aṣọ òun. Ní oṣù kọkànlá, ọmọbìnrin mi tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ìrònú àti ìṣesí ẹ̀dá ní yunifásítì yà sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kan, ó sì bá mi níbi tí mo ti ń pariwo mọ́ ọmọ iṣẹ́. Kò sọ̀rọ̀ níwájú wọn. A délé tán ló tó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú fóònù yín wá." Ó fi áàpù kan síbẹ̀, ó ní kí n fi ogójì ọjọ́ lò ó kí n tó tún sọ pé inú ló máa ń tètè bí mi.

How We Feel ni wọ́n ń pe áàpù náà. Ọ̀fẹ́ ni, kò sì sí ìpolówó ọjà kankan nínú rẹ̀. Àjọ tí kì í wá èrè ló ni ín. Ben Silbermann, ọ̀kan lára àwọn tó dá Pinterest, ìkànnì àwòrán orí íńtánẹ́ẹ̀tì, sílẹ̀, wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Marc Brackett ti Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà ló sì wà nídìí ìmọ̀ tí wọ́n gbé e kà. Ọdún 2020 ni wọ́n kọ́kọ́ lo orúkọ yẹn, àìsàn Kòrónà ni wọ́n fi ń tọpa nígbà náà. Ọdún 2022 ló di ohun tí èèyàn fi ń wo inú ara rẹ̀. Ó wà fún iPhone, ó wà fún Android. Ohun tí ẹ bá kọ síbẹ̀, orí fóònù yín ló ń wà, àfi tí ẹ bá fúnra yín gbà pé kí wọ́n mú un fi ṣe ìwádìí. Èyí tẹ́ mi lọ́rùn gan-an, torí mo kọ ọ̀rọ̀ àwọn àna mi síbẹ̀.

Lílò rẹ̀ kò le. Ẹ bá ṣí i, á bi yín bí nǹkan ṣe rí lára yín. Àwọ̀ mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Pupa ni ti ẹni tí ara rẹ̀ gbóná tí inú rẹ̀ ò sì dùn. Yẹ́lò ni ti ẹni tí ara rẹ̀ yá gágá tí inú rẹ̀ sì dùn. Búlúù ni ti ẹni tí ara rẹ̀ wó, tí nǹkan sú. Gíríìnì ni ti ẹni tí ara rẹ̀ rọ̀, tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ẹ bá fọwọ́ kan ọ̀kan, ọ̀rọ̀ á tú síta. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà jẹ́ 144, ìtumọ̀ kúkúrú sì wà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ mú èyí tó bá yín mu, lẹ́yìn náà á bi yín pé ta lẹ wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ibo lẹ wà, kí lẹ ń ṣe. Ìṣẹ́jú kan ti tó.

Ẹ jẹ́ kí n yà síbì kan díẹ̀. Aláró ni ìyá tó bí mi, ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta. Àwọ̀ mẹ́ta ni ìyá mi ń pè: pupa, funfun, dúdú. Ohun tó bá rí bí ìyeyè tó pọ́n, pupa ni lẹ́nu wọn. Ohun tó bá rí bí aró tàbí bí ewé, dúdú ni. Nígbà tí mo tẹjú mọ́ àwọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí, mo rí i pé tí ìyá mi bá wò wọ́n, méjì péré ni wọ́n máa pè: pupa àti yẹ́lò di pupa, ara gbóná nínú méjèèjì, búlúù àti gíríìnì di dúdú, ara rọlẹ̀ nínú méjèèjì. Ibi tí mo ti ń ṣìnà gan-an nìyẹn. Mo máa ń mọ̀ tí ara mi bá gbóná. Ohun tó gbé e gbóná ni mi ò mọ̀.

Odindi ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mò ń yàn nínú pupa: ìbínú. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, Ọjọ́bọ̀ ni, oníbàárà kan pè pé òun ń bọ̀ wá gba aṣọ òun lọ́jọ́ kejì. Mi ò tíì gé e. Mo dá a lóhùn pé aṣọ ti wà lórí máṣíìnì, mo gbé fóònù sílẹ̀, mo sì jágbe mọ́ ọmọ iṣẹ́ mi pé kó pa rédíò yẹn. Kò pẹ́ sí i ni áàpù náà dún, torí mo ti ní kó máa rán mi létí lágogo mẹ́wàá àárọ̀, agogo mẹ́ta ọ̀sán àti agogo mẹ́sàn-án alẹ́. Mo fọwọ́ kan pupa, mo ń wá ìbínú lọ bí ìṣe mi, ojú mi bá bọ́ sórí ọ̀rọ̀ míì, ọ̀rọ̀ ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀ nítorí ohun tó lè ṣẹlẹ̀. Mo jókòó sórí àpótí. Inú ò bí mi rárá. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Ẹ̀rù ń bà mí pé obìnrin yẹn á sọ fáwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé irọ́ ni mò ń pa, ojú sì ń tì mí pé irọ́ ni mo pa lóòótọ́. Ọmọ tó tan rédíò ò mọ nǹkan kan nínú ọ̀ràn yìí.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń lo áàpù náà tọkàntọkàn. Nígbà tí ogójì ọjọ́ pé, ìgbà 112 ni mo ti kọ nǹkan síbẹ̀. Pupa jẹ́ 47, búlúù 29, yẹ́lò 18, gíríìnì 18. Nínú pupa 47 yẹn, ìbínú gidi ò ju 13 lọ, ọ̀sẹ̀ kìíní tí mo ń pe gbogbo nǹkan ní ìbínú sì wà nínú iye yẹn. Ìdààmú àti ìpayà ló kó 21. Áàpù náà máa ń kó wọn jọ kí ẹ lè rí ọjọ́ àti ibi tí wọ́n ti pọ̀, bí mo sì ṣe wò ó, Ọjọ́bọ̀ àti ọjọ́ Jímọ̀ ló pọ̀ jù, láàárín agogo méjì sí márùn-ún ọ̀sán. Aṣọ tí wọ́n fẹ́ lò lọ́jọ́ Sátidé ni. Nítorí náà, mo kọ ọ́ sára ògiri: aṣọ Sátidé kì í wọlé mọ́ tí ọjọ́ Ìṣẹ́gun bá ti kọjá. Oníbàárà méjì bínú lọ. Mo jẹ́ kí wọ́n lọ.

Ọmọ mi ṣàlàyé fún mi pé ohun tí mò ń kọ́ ní orúkọ. Ọdún 1990 ni Peter Salovey àti John Mayer, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé pé òye kan wà tó jẹ mọ́ ìmọ̀lára, wọ́n pè é ní "emotional intelligence": kéèyàn rí i nínú ara rẹ̀ àti lára ẹlòmíì, kó mọ ìdí rẹ̀, kó sì mọ bó ṣe máa darí rẹ̀. Nílé ẹ̀kọ́ Brackett, ohun márùn-ún ni wọ́n pín in sí: rírí i, mímọ orírun rẹ̀, pípe orúkọ rẹ̀, fífi í hàn, àti dídarí rẹ̀. Mo bi ara mi léèrè lórí márààrún. Mo ti ń sunwọ̀n sí i nínú pípe orúkọ. Fífi í hàn ni mo ṣì kùnà jù.

Ní ti dídarí rẹ̀, gbogbo wa la mọ̀ pé sùúrù ni baba ìwà. Wọ́n ti ń sọ ọ́ sí mi létí láti kékeré. Ohun tí ẹnì kankan ò sọ fún mi ni ibi téèyàn ti ń rí sùúrù mú nígbà tí àyà bá ń lù kìkì. Áàpù yìí ní fídíò kéékèèké tí ń kọ́ni bí a ṣe ń mí, bí a ṣe ń na ara, bí a ṣe ń tún ọ̀rọ̀ rò. Lọ́jọ́ kẹtàdínlógún ni mo rí ìwúlò rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi tó kéré jù gé apá bùbá léèsì kan, kò ká aṣọ náà pọ̀ kó tó gé e, apá ọ̀tún méjì ló bá jáde. Léèsì ìgbéyàwó ni. Mo gbé e sókè, mo rí i, ojú mi ṣú. Ọmọ náà ti ń sunkún kí n tó sọ̀rọ̀. Brackett àti Robin Stern tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní ìlànà kan tí ọmọ mi ti sọ fún mi: kéèyàn dúró, kó mí, kó ronú irú ẹni tó fẹ́ jẹ́ kó tó lanu. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ni mo ronú kàn. Tí aṣọ bá bàjẹ́, ọ̀gá mi máa ń fi sísọ́ọ̀sì lélẹ̀, wọ́n á bu omi mu, lẹ́yìn náà ni wọ́n á béèrè èwo ló kù nínú aṣọ náà. Mo fi sísọ́ọ̀sì lélẹ̀. Mo bu omi mu. Mo béèrè èwo ló kù. Ó ku bí ààbọ̀ yáàdì, a yí apá kejì padà, a sì fi èyí tó kù so ó lábẹ́ abíyá. Oníbàárà náà gba aṣọ rẹ̀, mo sọ bó ṣe rí fún un, mo sì yọ owó kúrò níbẹ̀.

Ibi tí áàpù náà ò dé wà o, mi ò sì ní bò ó. Àkọ́kọ́, nígbà tí mo lò ó, kò sí Yorùbá nínú rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi àgbà ò ju JSS3 lọ, Gẹ̀ẹ́sì yẹn sì ni í lára. Èmi àtọmọ mi wá jókòó lálẹ́ Sọ́ńdè méjì, a ń wá ọ̀rọ̀ tiwa. Ohun tí mo rí níbẹ̀ dùn mọ́ mi púpọ̀. Yorùbá ń sọ ibi tí nǹkan ti ń ṣeni: inú ń bí mi, àyà mi já, ọkàn mi ò lélẹ̀, ojú tì mí, orí mi wú, ara mi bù máṣọ. Ẹni tó bá sọ pé "ó ká mi lára" kò sọ ohun kan náà pẹ̀lú ẹni tó sọ pé "ó bí mi nínú": èyí àkọ́kọ́ ń sọ ti ohun tó dun èèyàn. A kọ ọgọ́ta ọ̀rọ̀ sínú ìwé ẹ̀sọ́sáìsì, ó wà ní ṣọ́ọ̀bù báyìí.

Èkejì ló wúwo jù. Ohun tí ẹ bá sọ nípa ara yín nìkan ni áàpù yìí mọ̀. Ẹ lè jẹ́ kí ọ̀rẹ́ yín rí ohun tí ẹ yàn, àmọ́ kì í bi ọ̀rẹ́ náà ohun tó rí lójú yín. Ojú sì lọ̀rọ̀ wà. Mo gé àjákù aṣọ ní àwọ̀ mẹ́rin, mo gbé agolo mílíìkì kan sídìí ilẹ̀kùn, mo ní kí àwọn ọmọ máa ju àwọ̀ tí wọ́n bá rí lára mi sínú rẹ̀ tí a bá fẹ́ kógbá sílé, mi ò ní wo ẹni tó ju èwo. Ọjọ́ iṣẹ́ méjìlá la fi ṣe é. Ọjọ́ márùn-ún wà nínú rẹ̀ tí mo yan gíríìnì lórí fóònù, tí pupa sì pọ̀ jù nínú agolo. Mo béèrè. Wọ́n wo ara wọn. Ọmọ iṣẹ́ mi àgbà ló wá sọ pé, "Àǹtí, ẹ má bínú. Tí ẹ bá ti dákẹ́, tí ẹ sì ń fi sísọ́ọ̀sì lu tábìlì, kò sí ẹni tó lè mí nínú wa." Ìṣirò ni mò ń ṣe nígbà yẹn. Mò ń ro iye yáàdì lọ́kàn ni. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń lu tábìlì, tí àwọn ọmọ ọlọ́mọ ń bẹ̀rù mi lọ́jọ́ tí ọkàn mi balẹ̀ jù. Ó dùn mí dọ́kàn.

Mo sọ ọ́ fún ọmọ mi, ó ní nítorí irú ẹ̀ ni Mayer, Salovey àti David Caruso tí wọ́n jọ ń ṣe ìwádìí fi ṣe ìdánwò oníbéèrè 141 tó jáde lọ́dún 2002. Ìdánwò yẹn kì í ní kéèyàn fún ara rẹ̀ ní máàkì. Á gbé àwòrán ojú èèyàn síwájú rẹ, wàá sọ ohun tó wà níbẹ̀. Owó lèèyàn fi ń ṣe ìyẹn. Agolo mílíìkì mi ò ná mi ní kọ́bọ̀.

Mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ni mo fún áàpù náà. Ẹni tó bá ní ọmọ iṣẹ́, tàbí tó ń bá oníbàárà fa ọ̀rọ̀ lójoojúmọ́, kó gbé e sórí fóònù rẹ̀, kó má ṣe dá a dúró lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kìíní, torí ọ̀sẹ̀ kìíní ò fi nǹkan kan hàn mí. Kó sì wá agolo tiẹ̀.

Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, mo tún ń fi sísọ́ọ̀sì lu tábìlì láìmọ̀. Èyí tó kéré jù nínú wọn gbójú sókè lórí máṣíìnì, ó ní, "Àǹtí, ṣé ìṣirò ni, àbí pupa?" Mo yẹ ara mi wò. Mo ní pupa ni. Ó dìde, ó bu omi wá fún mi.