Àwòrán oníjó méjì láti ọwọ́ Degas

Ọmọ Faransé ni Edgar Degas, ó sì fẹ́ràn láti máa ya àwọn ọmọbìnrin tó ń jó bálẹ́ẹ̀tì ní Paris. Méjì nínú àwọn àwòrán náà wà ní Musée d'Orsay, ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà kan níbẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ wọn ò jọra.

Ọ̀dà olóròóró ló fi ya La Classe de danse (Kíláàsì Ijó), tó bẹ̀rẹ̀ ní 1873. Jules Perrot, àgbà olùkọ́ ijó, fi ọ̀pá gúnlẹ̀ láàárín kíláàsì, ṣùgbọ́n ta ló ń wò ó? Ẹni tó jókòó sórí dùùrù lápá òsì ń họ ẹ̀yìn ara rẹ̀ ní tiẹ̀. Ajá kékeré kan wà nílẹ̀, agolo ìbomirin náà wà níbẹ̀: òun ni wọ́n fi ń wọ́n omi sórí pákó kí eruku má baà sọ.

L'Étoile (Ìràwọ̀) ńkọ́? Pásítẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ọ̀dà gbígbẹ tó dà bíi ṣọ́ọ̀kì, ló fi yà á, nǹkan bí 1876. Oníjó kan ṣoṣo ló wà lójú agbo, ó na apá, iná ń tàn sí i lójú láti ìsàlẹ̀, rìbọ́nì dúdú ọrùn rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́yìn. Ó rẹwà gan-an. Àmọ́ wo ẹ̀yìn ìtàgé: ọkùnrin kan tó wọ aṣọ dúdú dúró síbẹ̀, a ò rí ojú rẹ̀. Àwọn olówó máa ń ráyè wọ ẹ̀yìn ìtàgé nígbà náà, kì í sì í ṣe torí ijó nìkan.

Bí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀kan, ti kíláàsì ni n ó mú. Ọmọ tó ń họ ẹ̀yìn yẹn, mi ò lè wò ó kí n má rẹ́rìn-ín.