Oṣù 19 nílé àwọn ọ̀dọ́ abiyamọ tí kò nílé: ohun tí mo rí níbẹ̀

Ọmọ mi pé oṣù mẹ́ta lọ́jọ́ tí wọ́n fún mi ní kọ́kọ́rọ́. Láti ìgbà tó ti wà ní ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti ń gbé e kiri. A sùn lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan fún ọ̀sẹ̀ méjì. A sùn lọ́dọ̀ òmíràn fún ọjọ́ mẹ́rin, ọkọ rẹ̀ ní òun ò lè máa gbọ́ ẹkún ọmọ lóru. Lẹ́yìn náà la dé ibùdó pàjáwìrì kan tí àwa mọ́kànlá ń sùn nínú gbọ̀ngàn kan ṣoṣo. Aago méje àárọ̀ ni gbogbo wa gbọ́dọ̀ jáde níbẹ̀, ó di ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn padà. Ẹni tó bá ti pọn ọmọ ìkókó láti àárọ̀ dalẹ́ láìní ibi tó ń lọ ni yóò mọ ohun tí mò ń sọ. Nígbà tí àǹtí tó gbà mí wọlé wá na kọ́kọ́rọ́ sí mi, tó ní, "Yàrá rẹ nìyí," mo tìlẹ̀kùn, mo ṣí i, mo tún tì í. Ìgbà mẹ́ta ni mo ṣe bẹ́ẹ̀ kí n tó gbé ọmọ kalẹ̀.

Mò ń kọ èyí fún ọmọbìnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dárúkọ irú ilé yìí fún, tí kò mọ̀ bóyá kóun lọ tàbí kóun má lọ. Kì í ṣe ibùdó tí èèyàn ń sá sí fún ọjọ́ díẹ̀, kì í sì í ṣe ilé tí èèyàn háyà fúnra rẹ̀. Àárín àwọn méjèèjì ló wà. Wọ́n á fún ọ ní yàrá fún àkókò tó lópin, wọ́n á sì fún ọ ní òṣìṣẹ́ kan tí yóò máa bá ọ tún ọ̀rọ̀ ayé rẹ tò. Ọ̀pọ̀ irú ilé bẹ́ẹ̀ kì í kọjá ọdún méjì. Oṣù 18 ni tiwa, ẹni tó bá sì kọ̀wé béèrè lè rí oṣù mẹ́ta sí i. Àwa abiyamọ mẹ́sàn-án la wà níbẹ̀. Ẹni tó kéré jù nínú wa jẹ́ ọmọ ọdún 17, ọmọ ogún ọdún lèmi.

Oṣù àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ ìwé la fi ṣe. Ọmọ mi kò ní ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí. Kí n tó lè gbà á, wọ́n ní kí n mú káàdì ìdánimọ̀ mi wá. Káàdì ti sọnù sínú ẹrù tí mo fi sílẹ̀. Kí wọ́n tó ṣe òmíràn fún mi, wọ́n fẹ́ mọ àdírẹ́sì mi. Àdírẹ́sì wo lẹni tí kò nílé fẹ́ kọ? Fún oṣù méjì tí mo fi ń dá sáré rẹ̀, ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ náà ni mo ń padà sí. Ilé náà kọ lẹ́tà kan péré, wọ́n fi òǹtẹ̀ lù ú, pé ọ̀dọ̀ àwọn ni mò ń gbé. Lẹ́tà yẹn ló tú gbogbo kókó náà. Òṣìṣẹ́ tó ń mójú tó mi tẹ̀ lé mi dé ọ́fíìsì, ó sì jókòó tì mí títí wọ́n fi pe orúkọ wa. Bí wọn ò bá tiẹ̀ ṣe nǹkan mìíràn fún mi, mi ò ní gbàgbé ọjọ́ yẹn.

Nínú yàrá, mo bá ibùsùn ọmọ kan: fóòmù líle, aṣọ títẹ́ kan, kò sí ìrọ̀rí, kò sí bùláńkẹ́ẹ̀tì. Inú kọ́kọ́ bí mi. Àyà mi lọmọ yìí ti ń sùn látọjọ́ yìí wá, kí ẹnikẹ́ni má bàa fọwọ́ kàn án. Nọ́ọ̀sì tó ń wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kò bú mi. Ó jókòó, ó ṣàlàyé pé ẹ̀yìn ni kí n máa tẹ́ ọmọ lé, lórí ohun tó le, kí ohun rírọ̀ kankan má sí nítòsí ojú rẹ̀, torí ọmọ tí kò tíì lè yí ara rẹ̀ padà, aṣọ lè dí i nímú. Ó ní kí n fa ibùsùn náà mọ́ tèmi kí ọwọ́ mi lè tó o lóru. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ìwà àwọn tó dáa níbẹ̀ nìyẹn: bí wọ́n bá ní kí o ṣe nǹkan, wọ́n á sọ ìdí rẹ̀ fún ọ.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà mi, mi ò lè dìde mọ́. Mò ń fún ọmọ lọ́mú, mò ń pààrọ̀ ìtẹ́dìí rẹ̀, èyí tó kù, mo dojú kọ ògiri. Wọ́n fún mi ní ìwé ìbéèrè kan tí wọ́n ń pè ní Edinburgh, tó ti wà láti 1987, tí wọ́n fi ń yẹ ọkàn ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ wò. Ìbéèrè 10 ló wà níbẹ̀, nípa bí nǹkan ti rí lára rẹ láti ọjọ́ 7 sẹ́yìn. Èyí tó kẹ́yìn ń béèrè bóyá ó ti wá sọ́kàn rẹ láti ṣe ara rẹ léṣe. Irọ́ ni mo kọ síbẹ̀. Mo ti gbà pé bí mo bá sọ òótọ́, wọ́n á gba ọmọ lọ́wọ́ mi. Kò sí ìkankan nínú àwa mẹ́sẹ̀ẹ̀sán tí ẹ̀rù yẹn kì í bá sùn.

Òṣìṣẹ́ mi fura. Ó pè mí, kò sì fi ọ̀rọ̀ yí mi lójú. Ó sọ ohun tí òfin ní kóun gbọ́dọ̀ fi tó ìjọba létí, ìyẹn bí ewu bá wà fún ọmọ, ó sì sọ ohun tí yóò wà láàárín èmi àti òun. Ó ní kí ọkàn ìyá rẹ̀wẹ̀sì nìkan kì í ṣe ìdí tí wọ́n fi ń gba ọmọ. "Bí o bá sọ fún mi, ìtọ́jú ni màá bá ọ wá." Mo sunkún, mo tún ìwé náà kọ. Ní ọjọ́ kejì mo ti rí dókítà. Ọ̀dọ̀ dókítà yẹn ni mo ti gbọ́ pé nínú 100 obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ lágbàáyé, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé bíi 13 ni àìsàn ọkàn ń mú, irú tèmi yìí ló sì pọ̀ jù. Èmi tí mo ti rò pé èmi nìkan ni.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ibi tó ń dùn mí.

Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni gbogbo wa gbọ́dọ̀ ti wọlé. Fún mi, ní oṣù àkọ́kọ́, ara tù mí nítorí òfin yẹn. Àmọ́ Ìyá Ìbejì tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi rí iṣẹ́ ìtọ́jú ilé ìwòsàn tó ń parí ní aago mẹ́wàá, wọn ò sì gbà kó máa pẹ́. Ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ilé tó ní kí èèyàn wáṣẹ́ kí ó lè dá dúró, tó tún dí i lọ́nà iṣẹ́, ó yẹ kó tún òfin rẹ̀ wò.

Ti àyẹ̀wò yàrá burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òṣìṣẹ́ á kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan, á fi kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ ṣí i. Mélòó nínú wa ni kò tíì sá fún ẹni tó ń já wọlé rí? Ọmọ ọdún 17 yẹn máa ń gbọ̀n bó bá ti gbọ́ ìró kọ́kọ́rọ́. A gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú wọn nípàdé ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Oṣù méjì kọjá kí wọ́n tó gbà láti máa sọ fún wa ní ọjọ́ kan ṣáájú. Wọ́n gbà ṣá, mo yìn wọ́n fún un.

Òṣìṣẹ́ mẹ́ta ni mo lò láàárín oṣù 19, torí wọn kì í pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ìgbà mẹ́ta ni mo tún ìtàn ara mi sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ fún àlejò. Ẹni kẹta kò tiẹ̀ ka fáìlì mi kó tó pè mí.

Ibi ìtọ́jú ọmọ wà nínú ọgbà ilé náà fún ẹni tó ń lọ sílé ẹ̀kọ́ tàbí ibi iṣẹ́. Òun ló jẹ́ kí n parí ẹ̀kọ́ ìránṣọ mi. Mo tún dúpẹ́ fún ètò owó wọn. Ìpín 30 nínú 100 owó tó bá wọlé fún mi ni wọ́n ń gbà lóṣooṣù, wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀ lórúkọ mi. Mo kùn sí i nígbà náà. Ọjọ́ tí mo ń lọ, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ fún mi pé pérépéré, òun ni mo sì fi san àsansílẹ̀ owó ilé.

Ọjọ́ àtilọ yẹn gan-an ni wọ́n ti kù díẹ̀ káàtó jù. Oṣù kẹrìnlá ni ẹnikẹ́ni tó bá mi sọ̀rọ̀ ilé tí màá lọ. Onílé tí mo kọ́kọ́ lọ bá ń béèrè onídùúró, ó ń béèrè ìwé láti ọwọ́ onílé àtijọ́. Mi ò ní ìkankan. Oṣù mẹ́rin ni mo fi ń wá a, mo tún lo oṣù kan nínú mẹ́ta àfikún kí ẹnì kan tó gba lẹ́tà ilé náà dípò onídùúró. Méjì nínú àwa tí a jọ wọlé kò rí ilé kí àkókò wọn tó pé. Ọ̀kan padà sọ́dọ̀ ẹni tó ti sá fún. Wọ́n tún ṣèlérí pé àwọn á máa yọjú sí mi fún oṣù mẹ́fà lẹ́yìn tí mo bá lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n pè mí lórí fóònù, ó parí.

Bí ẹnì kan bá ń lépa ẹ̀mí rẹ, kọ́kọ́ béèrè bóyá wọ́n ń fi àdírẹ́sì ilé náà pamọ́, torí tiwa kò pamọ́, àmì ńlá wà lẹ́nu ọ̀nà. Béèrè ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ yàrá rẹ lọ́wọ́. Béèrè bóyá owó tí wọ́n bá gbà yóò padà sọ́wọ́ rẹ, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé.

Bí wọ́n bá tún gbé mi padà sí ọjọ́ àkọ́kọ́, màá wọlé. Ọmọ mi kọ́ ìrìn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé yẹn, ó ń di ọwọ́ àwọn ìyá mẹ́jọ mìíràn mú.

Ọjọ́ tí mo dá kọ́kọ́rọ́ padà, wọ́n ti mú ẹlòmíràn dé. Ó pọn ọmọ, báàgì ọ̀rá kan ló gbé lọ́wọ́. Mo bá a gbé báàgì náà dé ẹnu ilẹ̀kùn. Mo sọ fún un pé kó bi wọ́n lónìí, kó tó sùn, irú ilé tí wọ́n á bá a wá tó bá ń lọ, àti ọjọ́ tí wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wá a.