Ibi tí ẹ̀gbọ́n mi ti kọ́ bí a ṣe ń padà sẹ́nu iṣẹ́

Télọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ní Ìbàdàn. Lẹ́yìn tó ṣubú lórí ọ̀kadà tó sì fi iwájú orí lu títì, ara rẹ̀ yá débi pé gbogbo wa rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Àṣé bí iwájú ọpọlọ bá fara pa, ó lè má jẹ́ kí ẹni náà mọ̀ pé nǹkan kan ti yí padà lára òun. Ó ń gba iṣẹ́, ó ń dá ọjọ́ fún oníbàárà, ó ń ba aṣọ jẹ́, bí a bá sì sọ̀rọ̀, á ní ọmọṣẹ́ ló fọwọ́ kàn án. Kì í ṣe pé ó ń purọ́. Kò rí i ni.

Ilé ìtọ́jú tí a gbé e lọ fún oṣù mẹ́rin kò bá a jiyàn rárá, ohun tí mo sì fi yìn wọ́n jù nìyẹn. Obìnrin tó ń tọ́jú rẹ̀ ní kó gbé sísọ́ọ̀sì, ṣọ́ọ̀kì àti tépù rẹ̀ wá, ó tẹ́ àǹkárá yáàdì méjì sílẹ̀, ó ní: "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó gé e, ìṣẹ́jú mélòó ni yóò gbà yín, àṣìṣe mélòó sì ni ẹ rò pé yóò wà níbẹ̀?" Ẹ̀gbọ́n mi ní 20 ìṣẹ́jú, kò sí àṣìṣe. Obìnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀. Ìṣẹ́jú 55 ló lò, ọwọ́ òsì ló sì gé apá ṣẹ́ẹ̀tì méjèèjì fún. Obìnrin náà kò sọ nǹkan kan, ó kàn gbé ìwé yẹn sí ẹ̀gbẹ́ aṣọ. Ẹ̀gbọ́n mi gbé apá kan lé èkejì, ó yí i, ó tún un yí, ó wá ní, "Ṣé èmi ni mo gé eléyìí?"

Bruce Crosson, onímọ̀ nípa ọpọlọ, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ti ṣàlàyé ní 1989 pé ìpele mẹ́ta ni mímọ ìṣòro ara ẹni ní: kí èèyàn mọ̀ pé ìṣòro wà, kí ó dá a mọ̀ bó bá ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́, kí ó sì rí i kó tó dé. Ẹ̀kẹta yìí ni télọ̀ nílò jù, nítorí aṣọ tí sísọ́ọ̀sì ti là kò ṣe é dá padà.

Àbùkù ilé ìtọ́jú náà kò kéré. Wọn kò kìlọ̀ fún wa pé bí ojú rẹ̀ bá ti là sí ipò tó wà, ìbànújẹ́ lè tẹ̀ lé e. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kò fi fẹ́ rí ẹnikẹ́ni. Oṣù tó kẹ́yìn ni wọ́n sì tó wá sí ṣọ́ọ̀bù, níbi tí ariwo jẹnẹrétọ̀ àti oníbàárà kò jọ yàrá ìdákẹ́jẹ́ tiwọn. Ẹni tó bá fẹ́ gbé èèyàn rẹ̀ lọ síbẹ̀, kó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tètè wá sí ibi iṣẹ́.

Òwúrọ̀ nìkan ni ẹ̀gbọ́n mi ń ṣiṣẹ́ báyìí. Bó bá ti fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà tán, á gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀, á sì pe ọmọṣẹ́ rẹ̀ pé kó wá bá òun wò ó.