Ṣọ́ọ̀bù aládìrẹ kan ní Ìtòkú: 8 nínú 10

Kí n tó lọ sí Ìtòkú, fọ́tò aṣọ tó wà nínú fóònù mi lé ní igba, mi ò purọ́. Èyí tí mo fi pamọ́ sórí Instagram, èyí tí mo ṣe sikirínṣọ́ọ̀tì ẹ̀ lórí Pinterest, èyí táwọn ọ̀rẹ́ mi fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé "èyí ló máa bá ẹ mu", gbogbo ẹ̀ ti wá pọ̀ débi pé tẹ́ẹ bá ní kí n mú ẹyọ kan tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ mi ò lè mú, torí bí mo bá ṣe ń wo èyí báyìí ni èyí tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀ á ti gba ojú mi. Ìgbéyàwó àbúrò mi sì ti ń sún mọ́lé.

Ni mo bá wọkọ̀ láti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta lọ́jọ́ Sátidé kan. Tẹ́ẹ bá ti wọ ọjà Ìtòkú, àwọn ọmọ tó ń pe kọ́sítọ́mà máa fẹ́ẹ̀ fa apá yín yọ, "Àǹtí, ẹ wá wo kàmpálà, ẹ wá wo sílíkì", ẹ ṣáà máa lọ jàre. Ìyá tó ni ṣọ́ọ̀bù tí mò ń sọ yìí wà lẹ́yìn, ó ń jẹ búrẹ́dì àtẹ̀wà nígbà tí mo débẹ̀, kò sì dìde. Mo na fóònù sí i, mo ní mà, irú èyí ni mo fẹ́. Ó wò ó fìrí, ó ní "kọ́sítọ́mà mi, ẹ̀yin lẹ ṣìkẹta láàárọ̀ yìí." Ó nawọ́ sẹ́yìn, ó gbé aṣọ náà gan-an sílẹ̀, yẹ́lò àti pọ́pù, olóbìrípo ńláńlá. Ojú tì mí díẹ̀ torí èmi ti rò pé èmi ni mo wá a rí. Àṣé àwa mẹ́ta tí a ò mọra wa rí, fóònù ló rán wa níṣẹ́ kan náà!

Mo wá ní kó fi èyí tẹ́nì kankan kì í bèèrè hàn mí. Ó rẹ́rìn-ín, ó fa àdìrẹ ẹlẹ́kọ mélòó kan jáde láti ìsàlẹ̀ pátápátá. Mo yí ọ̀kan padà, mo rí i pé ẹ̀yìn ẹ̀ dúdú, iṣẹ́ ara ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ hàn níbẹ̀, ni mo bá ṣe bí ọ̀mọ̀ràn, mo ní mà, ẹ̀rọ ni wọ́n fi tẹ èyí. Ìyá yẹn rẹ́rìn-ín títí tó fi ń wúkọ́. Ó ní ẹ̀kọ láfún ni wọ́n fi ìyẹ́ adìyẹ yà sí ojú kan ṣoṣo, aró wá ń ti ẹ̀yìn wọlé, ìdí nìyẹn tí ibi tí wọ́n yà náà kì í fi í funfun gbòò, búlúù fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ ló máa ń jẹ́. Ti oníko tí wọ́n so ló máa ń hàn níwájú lẹ́yìn. Èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ láti Ṣáínà ńkọ́? Ó ní kí n wo ẹyẹ méjì lórí ẹ̀, ọrùn wọn rí bákan náà gẹ́lẹ́. Lórí ti ọwọ́, ọrùn ẹyẹ kan gùn, èkejì ẹ̀ dà bíi pé ó ń sùn.

Ó ní kí n gbé márùn-ún jáde sínú oòrùn torí gílóòbù inú ṣọ́ọ̀bù máa ń tan èèyàn, kí n wá lọ jẹun kí n padà wá. Mo jẹ ọ̀fadà tán, ọ̀kan péré ni mo ṣì ń rántí. Mo padà débẹ̀, mo bèèrè orúkọ ẹ̀, ó ní Ìbàdàndùn. Òpó gbọ̀ngàn Mápó tí wọ́n ṣí ní 1929 ló wà lára ẹ̀, ṣíbí wà láàárín àwọn òpó náà. Èmi tí wọ́n bí sí Ìbàdàn o, tí mo ti gba iwájú Mápó kọjá àìmọye ìgbà, mi ò dá a mọ̀!

Ẹ jẹ́ n sọ ibi tó kù sí. #35,000 ló pè é, kò gbà kó dín ní #32,000, kàmpálà ò tó bẹ́ẹ̀ rárá. Kò sí ibi téèyàn lè jókòó sí. Tiransífá mi ò wọlé fún odidi ogójì ìṣẹ́jú, a kàn ń wo ara wa lójú. Yáàdì 5 tó sọ, téèlọ̀ mi wọ̀n ọ́n, ó dín díẹ̀, ìyẹn bí mi nínú gan-an.

Tẹ́ẹ bá ń lọ, ẹ mú kéèṣì dání, kẹ́ẹ sì tètè débẹ̀. Ó sọ fún mi pé kí n dá aṣọ náà rẹ sómi lọ́tọ̀, mi ò gbọ́, mo ju táwẹ̀lì funfun kan mọ́ ọn nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Táwẹ̀lì yẹn náà ti di àdìrẹ báyìí, mo ṣì ń fi nura.